Ọ̀rọ̀ tó ṣáájú ọmọ iṣẹ́ wọlé

Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ọmọ iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kí ẹni tó mú un wá sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín. Ó ti kó bá mi rí.

Ìyá kan ládùúgbò wa ní Sábó, nílùú Ifẹ̀ níbí, fẹ́ fi ọmọ kan sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ mi. Ó ní, "Ọwọ́ ẹ̀ yá o, àǹtí, ó sì gbọ́n. Ojú ẹ̀ kàn le díẹ̀ ni." Ọmọ dé, ó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, ojú tó le ni mo ń wá. Kọ́sítọ́mà á wọlé, "Ẹ kú iṣẹ́ o," kò ní dáhùn, á kàn mi orí. Mo ní ìgbéraga nìyẹn. Ó tó oṣù kan kí n tó jókòó tì í, kí n rí i pé píìnì ló máa ń há sẹ́nu, mẹ́fà, méje, tí á máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sára aṣọ. Ta ló máa fi píìnì lẹ́nu sọ pé "ẹ ṣé, mà"?

Lásìkò yẹn náà ni ẹnìkejì rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní ọlọ́yàyà, fi áyọ́ọ̀nù jó léèsì oníléèsì. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀ mí. Mo ní iná tó lọ tó tún dé lójijì ló fà á. Iná ò sì lọ lọ́jọ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ sàíkọ́lọ́jì ni mo kà ní OAU kí n tó gbé sísọ́ọ̀sì! Mo kọ ọ̀rọ̀ Solomon Asch, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì kan, sínú ìdánwò. Ní 1946, ó ka ìwà méje fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà pé ti ẹnì kan ni. Ọlọ́yàyà wà nínú èyí tó kà fún àwọn kan. Fún àwọn yòókù, ó fi òdìkejì rẹ̀ dípò. Mẹ́fà tó kù ò yí padà, síbẹ̀ àwọn tó gbọ́ ọlọ́yàyà ní ọ̀làwọ́ ni, onínúure ni. Àwọn tó kù ò rò ó bẹ́ẹ̀. (Tútù ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe òdìkejì yẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, oníwà tútù là ń pọ́n lé.) Ní 1950, Harold Kelley, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì mìíràn, fi olùkọ́ àlejò dán irú rẹ̀ wò: kíláàsì kan náà, olùkọ́ kan náà, ìwé pélébé tí wọ́n kà kó tó wọlé nìkan ló yàtọ̀. Àwọn tó kà á pé ọlọ́yàyà ni ló bá a sọ̀rọ̀ jù.

Ní báyìí, ohun tí ọmọ ti ṣe rí ni mò ń béèrè. Mo sì ní ìwé kan tí mò ń kọ ọ́ sí: ọjọ́ tó pẹ́ dé, aṣọ tó bàjẹ́, kọ́sítọ́mà tó padà wá béèrè rẹ̀. Inú ìwé yẹn ni mo ti rí i pé olójú líle mi ni àwọn ìyàwó ojú ọ̀nà ń béèrè.

Mo ra tìmùtìmù kékeré tí wọ́n ń gún píìnì sí fún un. Kò lò ó.