Owó Wọ Shaw, Àwọn Onílé Jáde

Ní ọdún 2002 tí mo dé Amẹ́ríkà, yàrá abẹ́ ilé kan ní àdúgbò Shaw, ní ìlú Washington, ni mo kọ́kọ́ yá. Aláwọ̀ dúdú ni Màmá onílé mi. Wọ́n a máa jókòó sórí àtẹ̀gùn iwájú ilé ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n a sì máa dárúkọ gbogbo ẹni tó bá ń kọjá kí wọ́n tó kí i. Nígbà tí mo padà lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo rin òpópónà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, n kò rí ojú kan ṣoṣo tí mo mọ̀. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ eérú kun bíríkì pupa ilé Màmá, ilẹ̀kùn onígíláàsì sì ti rọ́pò ilẹ̀kùn onírin tí mo máa ń gbà wọlé.

Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 1970, ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ará Washington ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní ọdún 2010 wọ́n ti di nǹkan bí ìdá 51, ní 2020 wọ́n di 41. Kì í sì í ṣe pé ìlú náà ń tú, nítorí láàárín ọdún 2000 sí 2020, iye ènìyàn ibẹ̀ kúrò ní nǹkan bí 572,000, ó di 689,000 ó lé.

Òótọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ni wọ́n lé. Nígbà tí wọ́n pa Martin Luther King, ajàfẹ́tọ̀ọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ní 1968, tí inú bí àwọn ènìyàn, tí iná jó ilé ìtajà ní òpópónà Keje àti U Street, ọ̀pọ̀ aláwọ̀ dúdú tó rọ́wọ́ mú ló kó lọ sí Maryland, ìpínlẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlú náà, fúnra wọn. Ọdún kan lẹ́yìn iná náà ni Màmá ra ilé wọn, nígbà tí kò sí ẹni tó fẹ́ ra ilé níbẹ̀. Ní 1991 ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dé Shaw, àwọn tó ń wá ilé rà sì dé lẹ́yìn rẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe máa ń fi owó tó ń wọlé fún ìdílé ṣe ẹ̀rí pé àdúgbò ti gbèrú. Ká ní ìdílé mẹ́wàá ló wà ní òpópónà kan, tí mẹ́fà tí owó wọn kò tó nǹkan kó lọ, tí àwọn agbẹjọ́rò àti oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà sì gba ipò wọn, ìpíndọ́gba owó òpópónà náà yóò ròkè, bẹ́ẹ̀ kọ́bọ̀ kan kò lé sí owó ìdílé mẹ́rin tó kù. Ní gbogbo Washington lónìí, owó tó ń wọlé fún ìdílé òyìnbó ju ìlọ́po méjì ti ìdílé aláwọ̀ dúdú lọ.

Òfin kan wà láti 1980 pé bí onílé bá fẹ́ ta ilé, ayálégbé ni kó kọ́kọ́ fi lọ̀. Òfin dáadáa ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lówó lọ́wọ́, kí ni yóò fi rà á? Ní 2018 wọ́n tilẹ̀ yọ ọ̀pọ̀ ilé onídìílé kan kúrò nínú rẹ̀.

Ẹnikẹ́ni kò lé Màmá. Òrùlé ló ń jò, iye tí wọ́n dá lé àtúnṣe rẹ̀ sì ju agbára owó ìfẹ̀yìntì lọ. Lẹ́tà àwọn tó fẹ́ ra ilé náà kò dá dúró, Màmá ń kó wọn sínú agolo bisikíìtì kan lórí fíríìjì. Ní 2011, wọ́n ta ilé tí wọ́n ti gbé fún ọdún méjìlélógójì, wọ́n sì kó lọ bá ọmọ wọn ní Prince George's County ní Maryland, níbi tí àwa Yorùbá náà pọ̀ sí.

Ní 2019, ilé ìtajà fóònù kan ní igun Georgia Avenue, tó ti ń fi orin go-go, orin onílù tí àwọn aláwọ̀ dúdú Washington dá sílẹ̀, sí ìta gbangba fún ọ̀pọ̀ ọdún, ní láti pa á nítorí pé ará àdúgbò tuntun kan fẹjọ́ sùn. Ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tú síta, wọ́n ń jó lójú títì, láàárín ọjọ́ díẹ̀ orin náà sì padà. Mo pe Màmá lórí fóònù lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n ní kí n gbé fóònù sókè kí àwọn lè gbọ́ ọ.

Shaw ni ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣì wà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, èmi ni mo fi ọkọ̀ gbé Màmá lọ. A yí àdúgbò náà po fún ogójì ìṣẹ́jú, à ń wá ibi tí a ó gbé ọkọ̀ sí, ìwàásù sì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a wọlé.