Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: ọmọ inú ìwé ni mò ń bú, ọmọ inú ilé mi ló ń gbọ́ ọ

Ẹ kú àtijọ́ o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, iṣẹ́ ni ò jẹ́. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ télọ̀ n'Íjẹ̀bú-Òde á mọ̀ pé tí ọdún Ojúde Ọba bá ti ku bí oṣù méjì, oorun ti tán lójú wa nìyẹn, rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn bára mu) kan á kó léèsì dé, òmíì á kó àdìrẹ dé, oníkálukú ló sì fẹ́ kó di ọjọ́ kẹta Iléyá kí ojú gbogbo ayé wà lára tiwọn. Ọwọ́ dilẹ̀ díẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ káwọn oníṣẹ́ Kérésì tó dé.

Mo fẹ́ràn ìwé ìtàn, pàápàá èyí tí wọ́n kọ fáwọn ọ̀dọ́, mo ti lé lógójì ọdún o, síbẹ̀ òun ni mo fẹ́ràn jù. Èyí tí idán wà nínú ẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń wá ẹni tó ṣiṣẹ́ ibi, èyí tó ń sọ bí ayé ọmọ iléèwé ṣe rí lásìkò yìí, gbogbo ẹ̀ ni mò ń kà. Ọmọ ọdún 16 tó bá wà nínú wọn, ìgbà àkọ́kọ́ ni gbogbo nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí i, ìfẹ́ o, ọ̀fọ̀ o, ọ̀rẹ́ tó dalẹ̀, kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e mì bíi tàwa àgbà, ìyẹn ló ń dùn mọ́ mi. Alẹ́ ni mo máa ń kà á tí mo bá ti daṣọ bo máṣìnnì, mo sì ní nóòtù kan tí èpo ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ búlúù, ohunkóhun tí ìwé bá ṣe fún mi lọ́kàn, ibẹ̀ ni mò ń kọ ọ́ sí. Nóòtù yẹn ló kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ̀yin náà, tẹ́ ẹ bá ń kàwé, ẹ ní nóòtù. Ẹ má sì dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá parí ìwé kẹ́ ẹ tó kọ nǹkan sí i, níbi tínú bá ti bí yín gan-an ni kẹ́ ẹ ti mú bírò, kẹ́ ẹ kọ ojú ìwé tẹ́ ẹ wà. Ìparí ìwé máa ń tan èèyàn. Tó bá ti dùn, a ó gbàgbé pé ìwé náà ti sú wa láàárín, tí kò bá dùn, a ó máa purọ́ pé a ò gbádùn ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Ìwé onídán kan tó jáde lọ́dún 2018 ni mo fi mọ ìyẹn, Children of Blood and Bone, Tomi Adeyemi ló kọ ọ́, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni ìtàn ọ̀hún pátá, èyí tó kẹ́yìn jáde ní 2024. Ilẹ̀ kan ló wà níbẹ̀ tí ọba ti pa àwọn tó lágbára idán, ìyá ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Zélie wà nínú àwọn tí wọ́n pa, ọmọ náà wá fẹ́ dá agbára yẹn padà. Mò ń kà á lọ pẹ̀lú ìgbádùn àfi bí mo ṣe débi tí wọ́n ti sọ pé orí omi òkun ni Ìlọrin wà. Ìlọrin kẹ̀! Mo kọ ọ́ gàdàgbà sínú nóòtù pé "Ta ló gbé òkun dé Ìlọrin?", mo pa ìwé dé, odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mi ò fọwọ́ kàn án. Oníbàárà mi kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọrin ni mo rojọ́ fún, ó ní "Àǹtí, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ jàre, àwa náà fẹ́ òkun."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi ronú. Nígbà tí mo wà ní pámárì, tíṣà wa máa ń ka Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ fún wa, ìwé tí Fágúnwà ti kọ látọdún 1938, kò sẹ́ni tó béèrè ìjọba ìbílẹ̀ tí igbó yẹn wà. Nílé wa níbí náà, a ní Ẹ̀rẹdò, yàrà tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 160 yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, wọ́n ní Bilikisu Sungbo ló ni ín, pé òun ni ọbabìnrin Ṣébà inú Bíbélì, ojúbọ ẹ̀ wà ní Òkè-Ẹ̀rì táwọn èèyàn ń lọ, n kò gbọ́ kẹ́nikẹ́ni dìde bi wọ́n pé báwo ni Ṣébà ṣe dé Ìjẹ̀bú. Ohun tí mo lè gbà lẹ́nu àgbà, mi ò gbà á lẹ́nu ọmọdé, ìyẹn ni mo rí nínú ara mi, kò sì dùn mọ́ mi nínú.

Mo padà sínú ìwé náà. Ọfọ̀ inú ẹ̀, èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, mo ń kà á sókè nínú yàrá lóru, ara mi ń ta gìrìgìrì. Torí náà tẹ́ ẹ bá mú ìwé onídán, ẹ fún un ní 50 ojú ìwé kẹ́ ẹ tó bá a jà.

Ti ìwé tí wọ́n ti ń wá ọ̀daràn ò gùn. Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, ti 1969, ni wọ́n fi mú mi wọbẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì, Lápàdé tó ti fiṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ tó sì ń lépa olè káàkiri, mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn débi pé mo máa ń rí i lójú àlá. Nínú tòde òní, mo ka Ace of Spades, 2021 ló jáde, Faridah Àbíké-Íyímídé ló kọ ọ́, ọmọ Yorùbá tó dàgbà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ aláwọ̀ dúdú méjì ló wà níléèwé olówó ńlá kan, ẹnì kan tí wọn ò mọ̀ wá ń fi fóònù tú àṣírí wọn síta. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lọ kà á. Ohun tí mo máa ń ṣe fún irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé ní gbogbo 50 ojú ìwé, mo máa kọ orúkọ ẹni tí mò ń fura sí àti ìdí ẹ̀. Ẹ dán an wò, ó ń fi inú ẹni han ẹni. Nígbà tí mo ti ka bíi mẹ́rin tí mo yẹ nóòtù wò, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni mo kọ́kọ́ fura sí nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo sì gbà á. Mo rí i, mo sì ṣí ojú ìwé kejì, mi ò fi ṣe nǹkan kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ọmọbìnrin àbúrò mi ọkùnrin ń gbé lọ́dọ̀ mi, Ìpẹ̀rù ni wọ́n ti mú un wá, ó ti di ọdún mẹ́ta. SS1 ló wà nígbà tí mò ń wí yìí. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, tó bá kí èèyàn láàárọ̀ ó lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó tún la ẹnu. Mi ò mọ̀ pé tí mo bá ti ka ìwé tán òun náà ń mú un, mi ò sì mọ̀ pé ó ń ka nóòtù mi. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo máa ń fi í sí.

Ìwé tó dá wàhálà sílẹ̀ ni The Hate U Give, Angie Thomas ló kọ ọ́, 2017, ọmọ Amẹ́ríkà. Starr lorúkọ ọmọ inú ẹ̀, ọmọ ọdún 16, ó wà nínú mọ́tò nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa ọ̀rẹ́ ẹ̀. Iléèwé tó ń lọ, àwọn òyìnbó ló pọ̀ níbẹ̀, kò sì sọ fáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ níbẹ̀ pé òun lòun wà níbi tó ti ṣẹlẹ̀. Ó tún ní ọ̀rẹ́kùnrin tí bàbá ẹ̀ ò mọ̀ nípa ẹ̀. Ibi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́kùnrin yẹn ni mo ti gbaná jẹ, mo mú bírò pupa, mo kọ ọ́ pé: "Ọmọ tó bá ti lè fi nǹkan pamọ́ fún òbí ẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ẹni tó bá dán an wò nílé tèmi, á jẹyán ẹ̀ níṣu." Ọkàn mi balẹ̀, mo sùn.

Láàárín àsìkò kan náà ni rìsọ́ọ̀tì ọmọ yìí ń já wálẹ̀. Mátíìsì tó máa ń gba 70 tẹ́lẹ̀, ó wálẹ̀ sí 38. Níléèwé wọ́n ní kì í kọ nǹkan, pé nóòtù ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ ẹ̀ ló máa ń yá dàkọ. Mo pariwo, mo ṣépè díẹ̀, mo ka iye tí mò ń san fún un sí i létí. Kò fèsì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wá dà bíi tàwọn tí mò ń fura sí nínú ìwé, mo ní ó dájú pé nǹkan kan wà lábẹ́ ẹ̀, bóyá ọkùnrin ni.

Alẹ́ ọjọ́ kan wọ́n mú iná lọ, mo jáde síta yàrá kí n wá tọ́ọ̀ṣì, mo bá a nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣìnnì, ó gbé tọ́ọ̀ṣì lé èjìká, ìwé Starr yẹn wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e sún mọ́ imú bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀. Mo ní kó gbé e jìnnà sójú, ó gbé e jìnnà. Mo ní ó yá, kà á sí mi létí. Ó dákẹ́. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni, àfi bí mo ṣe rí i tó ń pa ojú dé lápá kan. Téèpù mi wà lọ́rùn mi, ó máa ń wà níbẹ̀ ṣáá, mo ní kó gbé ìwé síbi tó ti ń rí i dáadáa, mo wọ̀n ọ́n láti ojú ẹ̀ dé orí ìwé. Ínǹṣì mẹ́rin.

Mo ní látìgbà wo? Kò sọ̀rọ̀, ẹkún ló bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ò mọ ohun tí mo lè sọ, mo ní kó lọ sùn.

Láàárọ̀ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ṣí nóòtù, mo rí i. Lábẹ́ bírò pupa mi, ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ́ wínníwínní: "Àǹtí mi, ó lè jẹ́ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Ó lè jẹ́ pé ó gbọ́ tẹ́ ẹ ní owó ò sí." Mi ò mọ ọjọ́ tó kọ ọ́. Ó lè ti pé oṣù kan tó ti wà níbẹ̀ tí mò ń ṣí nóòtù kọjá.

Nígbà tó ṣàlàyé, ó ní láti JSS3 ni òun ò ti rí bọ́ọ̀dù mọ́, òun fẹ́ sọ ọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo sì ń ráhùn pé òwú ti wọ́n. Ó ní òun máa sọ ọ́ tó bá yá. Ó wá ka ohun tí mo kọ, ó rí i pé òun ti fi pamọ́ fún táàmù méjì, a jẹ́ pé òun ti bàjẹ́ tán nìyẹn, kí ló tún kù tóun fẹ́ sọ.

Mo ní kó má bínú. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, torí mo rí i pé kò gbà pé òun gbọ́ ọ dáadáa lákọ̀ọ́kọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn la lọ ṣàyẹ̀wò ojú, wọ́n ní kò ríran jìnnà ni, wọ́n fún un ní gíláàsì. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, a dúró ní Ìbàdàn Garage ká wọ mọ́tò, ó ń wo òdìkejì títì, ó ní "Àǹtí, ṣé pátákó tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù yẹn ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Wọ́n ṣi ọ̀rọ̀ kọ níbẹ̀." Mo wò ó, òótọ́ ni, wọ́n ṣi í kọ. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbabẹ̀ kọjá.

Tẹ́ ẹ bá lọ́mọ nílé, ẹ ṣọ́ bẹ́ ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa ọmọ inú ìwé, ti inú fíìmù náà. Wọn ò ní bi yín léèrè, ṣùgbọ́n wọ́n á ti mọ irú èsì táwọn máa gbà. Kẹ́ ẹ tó sọ pé ọmọ kan burú, ẹ wò ó ná, kí ló ń bà á lẹ́rù? Mo tún ìwé Starr kà pẹ̀lú ìbéèrè yẹn. Bí ọmọ yẹn ṣe ń sọ̀rọ̀ ní àdúgbò wọn yàtọ̀ sí bó ṣe ń sọ ọ́ níléèwé, kò sí ibì kankan tó ti lè jẹ́ odidi ara ẹ̀, ikú sì wà nínú ohun tó mọ̀. Èmi náà ìbá dákẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́kùnrin, mo ṣì rò pé ó yẹ kó sọ fún bàbá ẹ̀, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹnu mi pè é lọ́mọ tó bàjẹ́ mọ́.

Mi ò pa bírò pupa yẹn rẹ́. Mo fi rúlà fa ìlà sáàárín gbogbo ojú ìwé tó kù nínú nóòtù, apá kan tèmi, apá kan tiẹ̀. A sì ń jà níbẹ̀ o. Ó ń bí mi nínú kí ìwé ọ̀dọ́ kó òbí pa mọ́ láti orí kìíní dórí ìkẹyìn kí ọmọ lè ráyè rìn kiri, òun ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí, pé àwọn òbí kì í sí níbẹ̀ lóòótọ́. Mo ṣì ń wá èsì sí ìyẹn.

Akata Witch ti Nnedi Okorafor, tó jáde ní 2011, la jọ ń kà báyìí. Sunny, ọmọ ọdún 12, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, ó wá ń gbé ní Ábà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé òun lágbára, ó sì ti búra pé òun ò ní sọ fún wọn nílé. Bí mo ṣe débi tó ti ń yọ́ jáde lóru, ọwọ́ mi ti wà lórí bírò. Mo gbé e sílẹ̀, mo wo apá ọ̀dọ̀ ẹ̀ nínú nóòtù bóyá ó ti kọ nǹkan síbẹ̀. Ó ti kọ ọ́, ó wá fi pépà bò ó, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gọ́ọ̀mù, ó kọ sókè ẹ̀ pé kí n kọ́kọ́ kọ tèmi.