Mo lọ gbọ́ ohùn ọ̀bọ ní Gashaka

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti owó ọ̀kadà, nítorí inú ṣì ń bí mi. Ní Serti, níbi tí ọ́fíìsì ọgbà ẹranko Gashaka Gumti wà, èmi àti ọlọ́kadà kan jọ ná iye owó tó máa fi gbé mi dé abúlé Gashaka. Kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Èmi náà ò gbọ́ Hausa kọjá ìkíni. Ìka la fi ṣe é. Ó na mẹ́rin, mo na méjì, ó rẹ́rìn-ín, ó na mẹ́ta, mo mi orí pé mo gbà. Nígbà tá a dé ibẹ̀, ó na márùn-ún! Ó ń nawọ́ sí odò tá a là kọjá, ó ń nu òógùn, ó ń gbá táyà. Gbogbo ẹ̀ yé mi yékéyéké, ìyẹn ló sì dùn mí jù. Mo san mẹ́rin, kò tilẹ̀ dúpẹ́. Ẹ wá ẹni tó gbọ́ Hausa kó bá yín fẹnu kò lórí owó kẹ́ ẹ tó gun ọ̀kadà o.

Ọ̀bọ onímú funfun ló gbé mi láti Ìbàdàn lọ sí Taraba. Ní 2006, Kate Arnold àti Klaus Zuberbühler, àwọn onímọ̀ tó ń wádìí ìwà ọ̀bọ, gbé ìwádìí tí wọ́n ṣe níbẹ̀ jáde. Akọ ọ̀bọ náà ní igbe méjì, "píyáò" àti "háákì". Bó bá rí ẹkùn, píyáò ló sábà máa fi bẹ̀rẹ̀. Bó bá rí idì, háákì ni. Àmọ́ bó bá ké píyáò díẹ̀, tó wá fi háákì díẹ̀ tì í, agbo á gbéra, bí ẹkùn tàbí idì ò tilẹ̀ sí nítòsí.

Ẹ̀ṣọ́ tó mú mi wọgbó mọṣẹ́ débi pé owó tí wọ́n ń gbà fún un kéré. Lójijì ló gbọ́wọ́ sókè. Píyáò, píyáò, píyáò. Háákì, háákì. Ó rọra sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ ṣí. Kò pẹ́, ewé ń mì, àwọn ìyá tí ọmọ so mọ́ níkùn ń fò láti igi dé igi. Orí mi wú!

Ó ju ọdún mílíọ̀nù 20 lọ tí ìran tiwa àti tiwọn ti yà. Mi ò gbà pé èdè bíi tiwa ni wọ́n ń sọ: ọlọ́kadà yẹn àti èmi, pẹ̀lú ìka lásán, jiyàn lórí àdéhùn tá a ti fi sílẹ̀ ní Serti. Ọ̀bọ ò lè ṣèyẹn. Ṣùgbọ́n kí ẹranko to igbe méjì pọ̀ kó di ọ̀ràn kẹta, mo gbà pé irú ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹnu wa ti ṣẹ̀.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kẹ́ ẹ lọ. Lójò, odò á kún, ọ̀nà á dí.