Mo Fọwọ́ Síwèé Nídìí Ìrẹsì

Ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni wọ́n fi pè wá. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, nítorí ojú ṣì ń tì mí. Àwọn tó fẹ́ máa fọ́ òkúta lẹ́yìn àdúgbò wa ta kánópì síwájú ilé Alága ẹgbẹ́ onílé, wọ́n gbé ẹran àti ẹlẹ́rìndòdò wá, wọ́n sì gbé ìwé kan yíká pé kí kálukú kọ orúkọ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Mo kọ tèmi, mo fọwọ́ sí i, mo wá ń bi ìyàwó Alága bóyá ẹran ṣì kù. Nígbà tí ọ̀rọ̀ dàrú, ìwé yẹn ni wọ́n fà yọ pé a ti jọ sọ ọ́, a sì ti gbà.

Aláàdìrẹ ni mí. Ìtòkú ni mo ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ìyá ìyá mi, ṣùgbọ́n Ìtòkú ti há jù fún ẹni tó fẹ́ sá ọgbọ̀n ọ̀pá aṣọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdí nìyẹn tí èmi àti ọkọ mi fi ra ilẹ̀ ní ìkángun Abẹ́òkúta. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán nílẹ̀.

Ọjọ́ tí ojú mi là, àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni mo ń ṣe lọ́wọ́. Mo ti fi ìyẹ́ adìẹ ya láfún sára aṣọ funfun ọ̀pá márùn-ún, mo sá a sóòrùn. Aago mẹ́wàá kọjá díẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ mì, táwọn ife ń dún wìrìwìrì lórí tábìlì. Ká tó ṣẹ́jú, eruku funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ bí ẹni pé ẹnì kan jókòó lókè tó ń ku ìyẹ̀fun lé wa lórí. Ó lẹ̀ mọ́ láfún tútù náà. Nígbà tí mo fọwọ́ kàn án, ó ń ha mí lọ́wọ́ bíi yanrìn. Aṣọ náà bà jẹ́ nìyẹn. Ìyá ìyàwó tó fẹ́ fi ṣe ankó kò gbọ́ àlàyé kankan lẹ́nu mi, òun náà ò sì jẹ̀bi.

Ìbínú la kọ́kọ́ gbé lọ. Àwọn ọ̀dọ́ fi igi dí ọ̀nà, ọlọ́pàá dé, bàbá onílé kan sùn sí àgọ́ mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì ọkọ̀ òkúta ń kọjá bó ṣe ń kọjá tẹ́lẹ̀.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa àyíká ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, ló wá kí wa tó bi mí pé, “Àǹtí, ṣé ẹ ti ka EIA wọn?” Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwé àyẹ̀wò ni, níbi tí ẹni tó fẹ́ dá iṣẹ́ ńlá sílẹ̀ ti gbọ́dọ̀ sọ ohun tí iṣẹ́ náà máa ṣe fún afẹ́fẹ́, omi, ilẹ̀ àti èèyàn, kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀ràn kan ló bí òfin náà. Lọ́dún 1988, àṣírí tú pé wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá dà sí Koko, níbi tó di Ìpínlẹ̀ Delta báyìí. Lọ́dún náà ni ìjọba dá FEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀, òfin EIA, nọ́ńbà 86 ti 1992, sì tẹ̀ lé e. Ó ṣí i hàn mí lórí fóònù rẹ̀: bí ibi tí wọ́n ti fẹ́ fọ́ òkúta kò bá jìnnà ju kìlómítà 3 lọ sí ibi tí èèyàn ń gbé tàbí ibi tí wọ́n ti ń tajà, dandan ni EIA. Ilé tiwa ò tó kìlómítà kan sí i.

Ohun tó dùn mí jù nìyí. Wọ́n máa ń gbé ìwé náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú wá kà á, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sí i. Ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ń gbé e sí. Mo ti kọjá níwájú ìwé nínípọn kan lórí tábìlì níbẹ̀ rí, nígbà tí mo lọ san owó ṣọ́ọ̀bù. Mo rò pé ti àwọn akọ̀wé ni.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ pé iṣẹ́ kan fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá yín, ẹ béèrè ìwé náà kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ dé. Kì í ṣe ẹnu lásán. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá dé, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Àwa pẹ́ ká tó ka tiwa, ṣùgbọ́n a kà á. Òyìnbó inú rẹ̀ le bí òkúta wọn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi ìka tẹ ojú ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n eruku inú afẹ́fẹ́ sí. Oṣù Keje nìkan ni wọ́n wá wọ̀n ọ́n. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ mọ oṣù Keje. Òjò ti fọ gbogbo nǹkan, atẹ́gùn ń ti ọ̀nà òkun wá, kò sí eruku níbì kankan. Ẹ wá gun Olúmọ ní oṣù Kìíní nígbà ọyẹ́, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ máa rí Lafẹ́nwá dáadáa. Àṣà iṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n wọ̀n ọ́n nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ máa wo ọjọ́ tí wọ́n wọn nǹkan kẹ́ ẹ tó wo iye tí wọ́n kọ.

Bí ẹ ò bá sì ráyè ka gbogbo rẹ̀, ẹ ṣí i láti ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni ìlérí wà. Nínú tiwa, wọ́n ṣèlérí pé àwọn á máa wọ́n omi sójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́, àwọn á da tapólì bo ọkọ̀ òkúta, àwọn á sì máa kéde kí àwọn tó yin òkúta. Wọn ò ṣe èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Mo gé aṣọ funfun tó kù nílé sí pélébé-pélébé. Aago méje àárọ̀ ni mò ń fi ọ̀kan kọ́ sórí fẹ́ńsì kí eruku lè bà lé e, tí mò ń mú ti àná kúrò. Mo ń fi pín-ìn-nì kàn án mọ́ ìwé ọmọ iléèwé, mo ń kọ déètì, ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, bóyá ọkọ̀ omi kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín. Ó ní eruku ńlá nìkan ni aṣọ mi lè mú. Èyí tó léwu jù ni PM2.5, tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ogún irun orí, tó ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ tààrà. Láti 2021, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ní kó má ju máíkírógíráàmù 15 lọ láàárín wákàtí 24, nínú afẹ́fẹ́ tó kún àpótí tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Ẹ̀rọ ló ń wọn ìyẹn. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba wá, ìwé aṣọ yẹn ni wọ́n jókòó tì. Wọ́n ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀gá wọn tiẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀.

Ọ̀gá náà ló wá gbójú sókè tó ní, “Mama, ta ló ni èéfín yẹn?”

Èmi ni mo ni ín. Ààrò mẹ́ta ni mo fi ń se omi àti àbẹ́là, igi tútù ló sì wà nídìí wọn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rá píọ́ wọ́tà ni a fi ń dáná kó lè tètè ràn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré mi náà ń ké lábẹ́ fèrèsé yàrá àwọn ọmọ, èéfín inú rẹ̀ sì ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáídì, tí kò ní òórùn, tó lè pa èèyàn lójú oorun. N kò rí nǹkan kan sọ. Mo ń fi aṣọ ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, ọmọ mi ń wúkọ́ nídìí tèmi. Gáàsì ni mo fi ń yọ́ àbẹ́là báyìí, bó tilẹ̀ wọ́n. Omi ṣì ń lo igi, ṣùgbọ́n igi gbígbẹ, láìsí ọ̀rá. Jẹnẹrétọ̀ ti lọ sí ẹ̀yìn ilé pátápátá.

Wọn ò ti ibi òkúta náà pa. Tapólì ti wà lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọkọ̀ omi sì ń kọjá láago mẹ́jọ, àyàfi ọjọ́ tí dírẹ́bà ò bá wá. Mo ní nọ́ńbà súpáfáísọ̀ wọn. “Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá, omi ò tíì kọjá o.” “Ó ń bọ̀, Mama.” Ó dìgbà tó bá kọjá kí n tó sá aṣọ.

Lóṣù tó kọjá, àwọn míì tún ta kánópì. Wọ́n fẹ́ máa po ọ̀dà títì nítòsí ibẹ̀. Ìrẹsì wọn dùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo jẹ ẹ́. Nígbà tí ìwé dé ọ̀dọ̀ mi, mo kọ orúkọ mi, mo wá kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: mo wá gbọ́ ni, n kò tíì gbà. Ìyàwó Alága tó jókòó tì mí gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó kọ irú rẹ̀.