Split: ààfin ọba tó di ìlú

Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Split ní Kroatíà, létí òkun Adriatic, á máa béèrè ọ̀nà ààfin Diocletian, bẹ́ẹ̀ inú ààfin náà gan-an ló dúró sí. Ilé oúnjẹ, ṣọ́ọ̀bù, ilé táwọn èèyàn ń gbé, aṣọ tí wọ́n sá sójú fèrèsé: inú odi tí olú-ọba Róòmù yẹn mọ sílẹ̀ de ìgbà tó máa gbé adé sílẹ̀ ní ọdún 305 ni gbogbo rẹ̀ wà. Odi ọ̀hún gùn ní nǹkan bíi mítà 215, ó sì fẹ̀ tó 180. Nígbà tí ogun fọ́ Salona, ìlú ńlá ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, ní ọ̀rúndún keje, àwọn tó sá àsálà kó wọ inú odi náà, wọn ò sì padà sílé mọ́.

Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ gba Ẹnubodè Idẹ tó kọjú sí etíkun wọlé. Òkun máa ń kan ògiri yẹn láyé àtijọ́. Gbọ̀ngàn àárín, níbi tí wọ́n ti ń ta ọjà fáwọn àlejò, lọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà kọjá kíákíá sókè. Àṣìṣe ni. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wọ àwọn yàrá ọ̀tún àti òsì. Ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀ lọ sí òkun, làwọn ọ̀mọ̀lé bá fi àwọn yàrá yìí gbé ilé ọba sókè kó lè tẹ́jú. Orí ògiri ìsàlẹ̀ ni ògiri òkè dúró lé, nítorí náà bí ilé òkè tiẹ̀ ti wó, ìsàlẹ̀ ṣì ń sọ bó ṣe rí. Ohun tó dáàbò bò ó yani lẹ́nu: ìdọ̀tí ni. Àwọn tó ń gbé lókè dá ihò sílẹ̀, wọ́n ń da pàǹtí síbẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún títí ó fi kún. Ọ̀rúndún ogún ni wọ́n tó kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ kúrò.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ á gbé yín jáde sí Peristyle, àgbàlá ọba. Ẹ wo ère dúdú tó ní orí èèyàn àti ara kìnnìún: láti Íjíbítì ni wọ́n ti gbé e wá, ó sì ti lé ní 3,000 ọdún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni kàtídírà wà, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ẹ ti pẹ́ jù. Diocletian ṣe inúnibíni sáwọn Kristẹni. Ní ọdún 304 ni wọ́n pa Domnius, bíṣọ́ọ̀bù Salona. Ilé tí ọba kọ́ fún òkú ara rẹ̀ làwọn Kristẹni wá sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n sì fi orúkọ Domnius pè é. Òkú ọba ò sí níbẹ̀ mọ́. Kí ẹ tó wọlé, ẹ dúró wo ilẹ̀kùn onígi tí Andrija Buvina gbẹ́ ní 1214: ìṣẹ̀lẹ̀ 28 nínú ayé Jésù ló wà lára rẹ̀. Ẹ bo èjìká àti orúnkún, ẹ má sì lọ lásìkò ìsìn ọjọ́ Àìkú. Tíkẹ́ẹ̀tì wọn tún yàtọ̀ síra. Ẹ béèrè bóyá èyí tí ẹ fẹ́ rà kan ilé agogo àti ilé ìrìbọmi.

Ilé ìrìbọmi yẹn, tẹ́ńpìlì Júpítà, òrìṣà àwọn ará Róòmù, ni tẹ́lẹ̀. Òrùlé òkúta rẹ̀ ṣì wà bí wọ́n ṣe gbẹ́ ẹ. Ọ̀nà tóóró kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní “Jẹ́ kí n kọjá”, torí èèyàn méjì ò lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má yà fún èkejì.

Bàtà ńkọ́? Ẹsẹ̀ èèyàn ti mú òkúta ilẹ̀ ibẹ̀ dán, bí òjò bá sì rọ̀ ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ẹ wọ onírọ́bà. Kí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù ni kí ẹ ti wà ní Peristyle, nítorí nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ọkọ̀ òkun ńlá máa ń já èrò sílẹ̀, àyè ìdúró kì í sì í sí mọ́. Oṣù Karùn-ún àti Kẹsàn-án dára jù. Yúrò ni wọ́n ń ná láti January 2023.

Ẹ fi òwúrọ̀ ọjọ́ kejì sílẹ̀ fún Salona, tó wà ní Solin, ìlú kan nítòsí Split. Pápá gbalasa ni, igi ò fi bẹ́ẹ̀ ṣíji bò ó, nítorí náà ẹ gbé omi àti fìlà dání. Manastirine ni kí ẹ kọ́kọ́ yà sí: ìtẹ́ òkú tí wọ́n sin Domnius sí nìyẹn.