Ẹ Kọ́kọ́ Béèrè Ọ̀nà tí Ìkarahun Gbà Dé Ọwọ́ Yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ foram, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo mọ̀ pé ibi tó dùn ni ojú yín ń wò: kí ẹ gbé ìkarahun tí kò tó orí abẹ́rẹ́ sábẹ́ máíkírósíkóòpù, kí ẹ sì sọ bí òkun ṣe gbóná tó kí ènìyàn tó dé ayé. Ibẹ̀ dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi jù ni pé kí n tó bi ìkarahun léèrè ohun tó rí, mo gbọ́dọ̀ bi í léèrè ọ̀nà tó gbà dé ọwọ́ mi: ibi tó ti gbéra, ohun tó bá pàdé lọ́nà, àwọn tó bá a rìn. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn onímọ̀ wa, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ wọ́n, foraminifera, tí à ń pè ní foram ní kúkúrú, jẹ́ ẹ̀dá oní-sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tó ń gbé inú òkun. Àwọn kan ń léfòó nítòsí ojú omi, àwọn yòókù ń gbé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn kò tó mìlímítà kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń fi kálísíọ̀mù kábọ́nétì kọ́ ìkarahun fún ara rẹ̀, tó bá sì kú, ìkarahun náà á rọ̀ sórí ẹrẹ̀, ẹrẹ̀ mìíràn á bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ kò ní láti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ẹ tó rí wọn. Ẹ gba ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta, ẹ ó kan Ewékorò, níbi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ǹtì. Ìsàlẹ̀ òkun ni òkúta yẹn nígbà Paleocene, láàárín mílíọ̀nù 66 sí 56 ọdún sẹ́yìn, Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adégòkè ti Yunifásítì Ifẹ̀ sì wà lára àwọn tó ṣèwádìí àwọn fọ́sìlì ibẹ̀. Amọ̀ líle tí à ń pè ní Akinbo ló tò lé òkúta náà lórí, ẹ ó sì rí foram tó ń léfòó nínú rẹ̀. Bí àwọn tó ń léfòó bá ń pọ̀ sí i ju àwọn ti ìsàlẹ̀ lọ, ó sábà máa ń jẹ́ àmì pé omi ń jìn sí i. Ó sábà, ni mo wí. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yẹn dání.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ibi tí ọ̀pọ̀ nínú yín á ti jẹun, ìyẹn kànga epo rọ̀bì. Ní Niger Delta, foram wà lára ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo fi ń mọ ọjọ́ orí òkúta tí ẹ̀rọ wọn ń gbẹ́. Èérún òkúta ni wọn yóò kó fún yín nínú àpò. Ẹrẹ̀ tí wọ́n ń dà sínú kànga ló gbé èérún náà gòkè, bó sì ti ń gòkè ni ògiri kànga ń ya lù ú. Nítorí náà, nínú àpò tí wọ́n kọ ẹsẹ̀ bàtà 9,000 sí lára, ẹ lè bá ìkarahun tó já láti 7,000. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀, nítorí ara gbogbo wọn ló dá ṣáṣá.

Ọgbọ́n tí àwọn àgbà iṣẹ́ dá sí i rọrùn: láti òkè sí ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń ka kànga. Ibi tí ẹ ti kọ́kọ́ pàdé ẹ̀yà kan bí ẹ ti ń sọ̀kalẹ̀, ìgbà tí ẹ̀yà náà parun nìyẹn, ó sì ṣeé gbọ́kàn lé, torí ohun tó wà nísàlẹ̀ kì í já lọ sókè. Ṣùgbọ́n ibi tí ẹ ti rí i kẹ́yìn, tí ó yẹ kó jẹ́ ìgbà tí ó kọ́kọ́ yọjú láyé, ẹ má fi ìbúra gbè é lẹ́sẹ̀. Ó lè ti tán tipẹ́, kó jẹ́ pé ògiri kànga ló ṣì ń rọ̀jò rẹ̀ sílẹ̀.

Odò náà ní tirẹ̀. Odò a máa gé òkúta àtijọ́, a sì kó ìkarahun inú rẹ̀ lọ dà sínú ẹrẹ̀ tuntun. Bí ẹ bá rí ìkarahun tí àwọ̀ rẹ̀ ṣá, tí etí rẹ̀ ti jẹ, tó jókòó sáàárín àwọn tí kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ orí, àlejò ni. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ rí i, ẹ má kà á mọ́ onílé.

Nínú láàbù pàápàá, ìrìn àjò náà kò tíì parí. A ó gbẹ amọ̀ náà, a ó rẹ ẹ́ sínú kẹrosíìnì, lẹ́yìn náà omi, títí yóò fi tú. A ó wá fọ̀ ọ́ lórí asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ máíkírọ́ọ̀nù 63. Ó dà bí ẹni ń sẹ́ ògì, àfi pé èèrí là ń wá, omidùn là ń dànù. Asẹ́ yìí ni ọ̀tá yín. Ìkarahun sáńpù àná lè há sí i lójú, kó sì jáde sínú ti òní. Kí ẹ tó fọ òmíràn, ẹ fi asẹ́ náà sínú aró methylene blue. Ìkarahun tó bá há síbẹ̀ á gba aró, bó bá tilẹ̀ já bọ́ lọ́la, àwọ̀ búlúù rẹ̀ á tú u fó. Owó tí aró náà ń ná wa kò tó nǹkan, síbẹ̀ mo ti dé láàbù tí wọn kì í lò ó. Èsì irú láàbù bẹ́ẹ̀, ọwọ́ kan ni mo fi máa ń gbà á.

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo fẹ́ bá yín sọ ni ti ọ́síjìn, nítorí ibẹ̀ ni àwọn ọlọ́gbọ́n méjì ti ka irú ìkarahun kan náà, tí ìtumọ̀ wọn sì yàtọ̀. Cesare Emiliani, ọmọ Ítálì, ṣiṣẹ́ ní Chicago níbi tí Harold Urey wà. Urey ló ti rí i pé ọ́síjìn inú ìkarahun lè sọ bí omi ṣe gbóná tó. Ọ́síjìn kì í ṣe oríṣi kan: ọ́síjìn 16 fúyẹ́, 18 wúwo. Bí omi bá ti tutù tó ni 18 ṣe ń pọ̀ sí i nínú ìkarahun. Emiliani wọn ìkarahun inú ẹrẹ̀ gígùn tí wọ́n fi ọ̀pá fà jáde lábẹ́ Atlantic àti Caribbean. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ìgbà yìnyín ńlá mẹ́rin péré ló ti kọjá. Èsì tí Emiliani gbé jáde lọ́dún 1955 fi hàn pé òtútù ti wá, ó ti lọ, lemọ́lemọ́, ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Iye ìgbà tó kà kò burú. Ìtumọ̀ ohun tó wọ̀n ló kù díẹ̀. Omi tó ní 16 ló máa ń yá láti fẹ́ lọ sókè, ju èyí tó ní 18 lọ. Bí ó bá rọ̀ ní yìnyín sórí ilẹ̀ tútù, tí kò padà sókun mọ́, 18 á pọ̀ nínú òkun tó kù. Nígbà náà, ìkarahun á kún fún 18 yálà omi tutù tàbí kò tutù. Ewo wá ni ìkarahun ń wí?

Lọ́dún 1967, Nick Shackleton ní Cambridge dáhùn nípa yíyíjú sí foram ìsàlẹ̀ òkun. Omi ìsàlẹ̀ jíjìn ti tutù débi pé àyè tó kù fún un láti tutù sí i kò tó nǹkan. Síbẹ̀, ìyípadà inú ìkarahun ìsàlẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti àwọn tó ń léfòó dọ́gba. Yìnyín ló ń sọ̀rọ̀ jù nígbà náà, kì í ṣe ooru. Lọ́dún 1976, òun pẹ̀lú Hays àti Imbrie fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ hàn pé ìgbà yìnyín ń tẹ̀lé bí ayé ṣe ń yí oòrùn ká, ní ìyípo bí ọdún 100,000, 41,000 àti 23,000. Mo fẹ́ràn Emiliani gidigidi, àmọ́ bí mo bá ní ẹnì kan tí mo fẹ́ kí ẹ fìwà jọ, Shackleton ni. Ó wá ìkarahun tí ọ̀kan nínú ìdáhùn méjèèjì, ìyẹn ooru, kò fi bẹ́ẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ṣé ẹ tún fẹ́ gbọ́ nípa ìkarahun tí kò sí níbẹ̀ rárá? Lọ́dún 2003, ọkọ̀ ìwádìí JOIDES Resolution gbẹ́ ìsàlẹ̀ òkun ní Walvis Ridge, ní gúúsù Atlantic. Níbi tí ẹrẹ̀ náà ti dé mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn, ẹrẹ̀ funfun tó kún fún ìkarahun dáwọ́ dúró lójijì, amọ̀ pupa gba ipò rẹ̀. Kábọ́nù púpọ̀ ló wọ afẹ́fẹ́ lákòókò náà, tó sì wọ òkun, òkun wá kan díẹ̀, ìkarahun sì yọ́. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ foram ìsàlẹ̀ jíjìn parun nígbà náà. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń léfòó lókè, tí ìkarahun wọn kò dé inú amọ̀ yẹn, kò túmọ̀ sí pé gbogbo wọn ti kú tán. Bí àpò yín bá ṣófo, ẹ wo àwọn ẹ̀yà tó ń fi èérún iyanrìn kọ́lé. Tí àwọn yẹn bá pọ̀, tí kò sì sí ti kábọ́nétì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé yíyọ́ ni wọ́n yọ́.

Kòkòrò inú ẹrẹ̀ náà kò jẹ́ kí ọdún dúró sójú kan. Lágbami òkun, ẹrẹ̀ tó ń gorí ara rẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún ọdún kan kì í sábà ju sẹ̀ǹtímítà mélòó kan lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni kòkòrò ń ro sẹ̀ǹtímítà bíi mẹ́wàá òkè pọ̀. Ẹ má sọ fún mi pé ẹ rí ọgọ́rùn-ún ọdún kan nínú rẹ̀.

Ibi tí odò ti ń da ẹrẹ̀ púpọ̀ sókun dára jù fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2007, Syee Weldeab àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ẹrẹ̀ kan láti ìlà-oòrùn Gulf of Guinea, nítòsí Cameroon. Wọ́n wọn báríọ̀mù inú ìkarahun Globigerinoides ruber, tó ń gbé nítòsí ojú omi. Omi odò ní báríọ̀mù ju omi òkun lọ. Bí òjò bá pọ̀ lórí ilẹ̀, odò á kún, báríọ̀mù á sì pọ̀ nínú ìkarahun. Báyìí ni wọ́n ṣe ka òjò Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fún ọdún 155,000. Ìrìn àjò ìkarahun tí mo ti ń fi dẹ́rù bà yín, àwọn yẹn sọ adúgbò odò di ohun èlò.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti ka ìkarahun 300 tí a sábà máa ń kà nínú sáńpù kan tán, ẹ má da èyí tó ṣẹ́kù nù. Lára ẹrẹ̀ tí Emiliani lò, ọkọ̀ Albatross ti Sweden ló fà á jáde ní 1947 sí 1948, kó tó di pé òun béèrè ìbéèrè tirẹ̀. Ẹ rọ ìyókù sínú ìgò, ẹ kọ orúkọ kànga, bí ó ti jìn tó, asẹ́ tí ẹ lò, àti ọjọ́ tí ẹ fọ̀ ọ́. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, nítorí kẹrosíìnì a máa pa báírò rẹ́.