Alẹ́ Tí Mo Fowó Ara Mi Ra Ẹ̀wọ̀n

Ìyàwó mi ló fà á. Ọdún mẹ́wàá pé tá a ti ṣègbéyàwó, ó ní ká kúrò ní London, ká lọ sinmi díẹ̀ ní Oxford. Àṣé òtẹ́ẹ̀lì tó gbà fún wa, ọgbà ẹ̀wọ̀n ni tẹ́lẹ̀! Inú ilé olódi àtijọ́ kan tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1071 ló wà. Wọ́n ń kó ẹlẹ́wọ̀n síbẹ̀ títí di ọdún 1996, kí wọ́n tó tì í pa. Nígbà tó yá, àwọn olówó sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́.

Kí n má parọ́, ibẹ̀ dùn. Yàrá ẹlẹ́wọ̀n mẹ́ta ni wọ́n lù pọ̀ di ẹyọ kan: méjì fún ibùsùn, ọ̀kan fún balùwẹ̀. Àmọ́ àtẹ̀gùn irin tí àwọn wọ́dà ń gùn ṣì wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn ò yí padà, fèrèsé sì wà lókè téńté pẹ̀lú irin tó dábùú rẹ̀.

Màámi pè láti Ìbàdàn laago mẹ́sàn-án alẹ́, bí ìṣe wọn.

"Níbo lẹ wà?"

"Màámi, ẹ̀wọ̀n la wà o, èmi àti ìyàwó mi. Ẹ má jáyà, òtẹ́ẹ̀..."

Ògiri òkúta yẹn gé nẹ́tíwọ́ọ̀kì bí ẹni gé ilá. Mo pè títí, kò lọ. Mo wá wọ ẹ̀wù tówẹ́ẹ̀lì funfun tí wọ́n gbé kọ́ sí balùwẹ̀, mo dúró níwájú ilẹ̀kùn, mo rẹ́rìn-ín, ìyàwó mi ya fọ́tò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe yọjú fìrí, mo fi ránṣẹ́ sí Màámi. Ó dá mi lójú pé wọ́n á rí ẹ̀rín mi, ọkàn wọn á balẹ̀. Mo pa fóònù, mo sùn bí ọba.

Láàárọ̀, ìpè 43 ló ń dúró dè mí. Bọ̀dá mi ti bá lọ́yà sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ Màámi ní ṣọ́ọ̀ṣì ti ṣe àìsùn mọ́jú. Àǹtí mi kan l'Ọ́yọ̀ọ́ ti ń gba owó ìdásílẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Wọ́n ní bàbá onílé wo fọ́tò mi títí, wọ́n mirí: "Aṣọ ẹ̀wọ̀n tòyìnbó mà mọ́ o!"

Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ń ro mí. Màámi dákẹ́.

"Èló lẹ san?"

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kí n ti parọ́. Mo sọ ọ́ ní pọ́n-ùn, àwọn fúnra wọn ṣírò rẹ̀ sí náírà.

"Àkànní! O fowó ra ẹ̀wọ̀n? Agodi wà níbí, ọ̀fẹ́ ni!"

Wọ́n kìlọ̀ fún mi pé n ò gbọdọ̀ wí fún ẹnikẹ́ni. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n jó dé iwájú pẹpẹ, wọ́n dúpẹ́ pé Olúwa yọ ọmọ wọn lẹ́wọ̀n Òyìnbó. Wọ́n ní ìyẹn ṣì ṣe é gbọ́ sétí.

Owó tí àǹtí mi gbà jọ ńkọ́? A ò tíì gbúròó rẹ̀ dòní.